Irùngbọ̀n Lábẹ́ Ìbòmú

Pacoima, Los Angeles
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Èrèlè, 2022

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo kí ìjókòó, mo kí òtútù orí òkè tí kì í jẹ́ kí ẹ jáde. Mo kí Domitila àbúrò mi, tó ń fi fóònù ya ìwé wa lọ ya ìwé wa bọ̀ bí akọ̀wé ilé-ẹjọ́. Mo mọ̀ pé ẹ kò fẹ́ràn kí a máa sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ẹ ní èémí yín kì í tó èébú kan parí, pé inú ìwé nìkan lẹ ti lè bú èèyàn dé òpin. Ó dára, ìwé nìyí.

Awakọ̀ tó ń kó ẹrù láti ibí lọ sí Hidalgo, ìpínlẹ̀ wa nílé, yóò gbé páálí kan wá fún yín. Ẹ̀wù òtútù kan wà níbẹ̀, àti ìbòmú ogún, irú èyí tó le bíi páálí, tí àwa níbi iṣẹ́ ń pè ní márùndínlọ́gọ́rùn-ún. Domitila ní wọ́n ti ń sun oko lábẹ́ òkè, èéfín sì ń wọlé bá yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Okùn rẹ̀ méjì ni: ọ̀kan gba òkè etí lọ sẹ́yìn orí, èkejì gba abẹ́ etí lọ sí ọrùn. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lókè rẹ̀, ẹ fi ìka ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́ imú. Lẹ́yìn náà ẹ mí síta. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ sí yín lójú, kò tíì jókòó dáadáa nìyẹn. Ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹ má yá ẹnikẹ́ni. Tó bá ti dọ̀tí tàbí tó rọ̀, ẹ jù ú nù.

Mo fi fọ́tò kan sí i. Èmi nìyẹn nídìí ayùn tí a fi ń gé òkúta, pẹ̀lú ìbòmú mi. Òkúta pẹlẹbẹ tó wà níwájú mi, orí tábìlì ìdáná obìnrin ọlọ́rọ̀ kan ni a tẹ́ ẹ sí. Ìdáná rẹ̀ tóbi ju ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ. Ó sọ fún wa pé òun kì í dáná.

Ọmọ yín,
Nabor


Real del Monte
Ọjọ́ kejì, oṣù Ẹrẹ́nà, 2022

Nabor,

Ẹrù dé. Ẹ̀wù òtútù náà dára. Èmi àti Domitila lè jọ wọ̀ ọ́ pa pọ̀, kí àyè tún ṣẹ́kù fún òbúkọ.

Ìbòmú náà dé pẹ̀lú. Domitila ní ó ń rùn bí ilé ìwòsàn, ló bá fi ọṣẹ fọ gbogbo rẹ̀ kí n tó rí ìwé rẹ kà, ó sá wọn sórí okùn. Ogún ni wọ́n, wọ́n tò bí ọ̀pọ̀lọ́ tí wọ́n dájọ́ ikú fún. Ará àdúgbò wá wò wọ́n. Ìyá Refugio tó wà lódìkejì títì yá ọ̀kan láti fi yan ata gbígbẹ, ó lò ó tán, ó dá a padà. Domitila kò bèèrè ibi tó ti ń bọ̀, ó fi sí imú. Ariwo tó pa, wọ́n gbọ́ ọ dé ìlú Pachuca.

Èmi gé okùn ìsàlẹ̀ kúrò lára tèmi, nítorí ó ń fún mi lọ́rùn. Mo wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí èéfín pọ̀, mo gun àtẹ̀gùn mẹ́ta, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ bá ìyá rẹ lọ́run. Dókítà bú mi. Ó ní ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti bàjẹ́ bíi tèmi kì í dá ìbòmú wọ̀ láì kọ́kọ́ bi dókítà. Ó ní kí n ti fèrèsé, kí wọ́n gbé ààrò igi jìnnà sí yàrá mi. Nítorí náà o ṣeun, ọmọ mi. O fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìfẹ́ pa mí.

Ó ku fọ́tò. Mo fi awò ojú mi wò ó, mo gba ti Domitila, mo tún un wò. Kí ni nǹkan tó wà lábẹ́ ìbòmú yẹn? Ṣé irùngbọ̀n ni, àbí àgbò lo gbé há àgbọ̀n? O lọ gbé ìbòmú lé orí igbó, o wá dúró kí wọ́n yà ọ́ ní fọ́tò! Ìbòmú tó bá jókòó sórí irun, ilẹ̀kùn tí kò tì ni. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi wa fàdákà lábẹ́ ilẹ̀, mo mọ eruku ju bí mo ṣe mọ àwọn ọmọ mi lọ. Ibi tó bá gbà wọlé, á fi ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Mo rí ipa náà ní igun imú rẹ méjèèjì, mo rí i nínú irun náà, ó funfun bí ìyẹ̀fun.

Kí ló sì dé tí afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn rẹ fi rí bí ìkùukùu? Níbo ni omi tó yẹ kó máa pa eruku wà? Ṣé gbígbẹ lẹ ń gé òkúta ni?

Fá a.

Bàbá rẹ,
Crescencio


Pacoima
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Ẹrẹ́nà, 2022

Bàbá,

Mo kí yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin kò kí mi.

Ẹ fọ ìbòmú, ẹ gé okùn rẹ̀, ẹ fi yá aláta, ẹ wá jókòó ẹ ń kọ́ èmi bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́. Ẹ ṣeun o, ọ̀jọ̀gbọ́n.

Irùngbọ̀n mi kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Marisela tó ń ṣiṣẹ́ níbi ìfọṣọ ní òun kò tíì rí ọkùnrin tí irùngbọ̀n yẹ bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀yin fúnra yín, irun mẹ́rin péré ló wà lágbọ̀n yín, méjì nínú rẹ̀ sì ti hewú. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn yín.

Ní ti omi, ọ̀gá wa ní omi ń sọ ilẹ̀ di ẹrẹ̀, ó sì ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Eusebio, ará El Salvador, nìkan ló ń bá a jà lórí ọ̀rọ̀ náà. Àràárọ̀ ni Eusebio ń fá àgbọ̀n rẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú dígí kékeré. Tó bá gbé ìbòmú onírọ́bà rẹ̀ wọ̀, á fi àtẹ́lẹwọ́ dí àsẹ́ eruku rẹ̀ méjèèjì, á fa èémí, á wò ó bóyá rọ́bà náà fà mọ́ ojú. Bí kò bá fà, á tún okùn so, á tún ṣe é. Ọkùnrin tó ti bímọ mẹ́ta! Ọmọ Ìkókó là ń pè é. Lánàá a so ọmú rọ́bà tí wọ́n fi ń tan ọmọdé mọ́ iwájú ìbòmú rẹ̀. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá.

Ẹ̀yin kò wọ ìbòmú lọ́jọ́ kan ṣoṣo lábẹ́ ilẹ̀. Ẹni tí kò lè fẹ́ àbẹ́là kan kú kọ́ ni yóò kọ́ mi ní èémí mímí.

Nabor


Pacoima
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Igbe, 2022

Bàbá mi,

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé. Domitila ní ara yín le, pé ẹ kàn ń bínú ni. Ó ní ẹ ká lẹ́tà mi tí òun tẹ̀ sórí bébà fún yín sí mẹ́rin, ẹ fi tì í lábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì. Inú mi dùn pé ó wúlò.

Ọ̀rọ̀ àbẹ́là yẹn le jù. Ẹ dá mi lóhùn. Kódà bó bá jẹ́ èébú.

Nabor


Real del Monte
Ọjọ́ kẹta, oṣù Èbìbí, 2022

Nabor,

Mo ń dá ọ lóhùn nítorí Eusebio, kì í ṣe nítorí tìrẹ.

Ọ̀rọ̀ àbẹ́là dùn mí fún ọjọ́ méjì, mo sì gbójú kúrò níbẹ̀, torí òótọ́ ni. Ohun tí n kò lè gbójú kúrò lára rẹ̀ ni ọmú rọ́bà tí ẹ so mọ́ ìbòmú ọkùnrin yẹn.

O mọ Plácido, tó ń yan mítì-páì tà, tó ń gbé àwo rẹ̀ kọjá níwájú ilé wa láàárọ̀. Inú ihò kan náà la jọ ṣiṣẹ́. Ilé iṣẹ́ fún wa ní ìbòmú onírọ́bà, àwa méjìdínlógún la wà ní ìpín iṣẹ́ kan náà, àwa mẹ́tàdínlógún gbé e kọ́ ìṣó. Plácido nìkan ló ń wọ tirẹ̀. Àràárọ̀ á dúró lẹ́nu ihò, á fi abẹ fá àgbọ̀n títí á fi máa dán. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Ìyàwó. “Ìyàwó, ta lò ń ṣe lóge fún nísàlẹ̀ ibẹ̀?” Orúkọ náà mọ́ ọn lára débi pé wọ́n fi ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ nílé ìwé: àwọn ọmọ Ìyàwó.

Lọ́jọ́ kan mo lọ ata gbígbẹ kúnná, mo fi pa inú ìbòmú rẹ̀. Ó wọ̀ ọ́, a sọ̀ kalẹ̀. Kò pẹ́ tó fi já a dànù. Ó ń wúkọ́, ó ń sín, omi ń dà lójú rẹ̀. A rẹ́rìn-ín títí a fi jókòó sílẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni a lu òkúta jù lọ́dún náà, ó sì fi imú lásán mí eruku yẹn títí a fi gòkè. Kò sẹ́ni tó jẹ́wọ́. Lọ́jọ́ kejì ó fọ rọ́bà náà, ó pààrọ̀ àsẹ́ rẹ̀, ó wọ̀ ọ́, ó sọ̀ kalẹ̀.

Nínú àwa méjìdínlógún, ó ku èmi àti òun. Ó fi ọdún márùn-ún jù mí lọ. Ó ń gbé àwo mítì-páì gun òkè yìí, ó sì ń kọrin. Èmi, bí mo bá ń wọ ìbọ̀sẹ̀, mo ní láti sinmi lẹ́yìn ẹsẹ̀ àkọ́kọ́.

Nígbà tí ata Ìyá Refugio ká Domitila mọ́ inú ìbòmú, mo bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo rántí Plácido.

Lọ bẹ Eusebio. Kí o sì fá irùngbọ̀n yẹn. Bí Marisela bá fẹ́ ọ nítorí irun, kó lọ fẹ́ búrọ́ọ̀ṣì.

Bàbá rẹ,
Crescencio


Real del Monte
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Òkúdù, 2022

Nabor,

Ṣé o ń wá abẹ tó mú ni? Tí abẹ kò bá ràn án, wọ́n ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rẹ́ irun àgùtàn wà lọ́hùn-ún.

Bàbá rẹ


Real del Monte
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Agẹmọ, 2022

Nabor,

Domitila ní fóònù rẹ ń dún, o kì í gbé e. Ó ní o máa ń fèsì ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: “Dáadáa.” Mo mọ “dáadáa” yẹn. Èmi ni mo ń sọ ọ́ fún ìyá rẹ ní gbogbo ọdún tí mo fi ń wúkọ́ sínú ìrọ̀rí.

Kí ló ṣẹlẹ̀?

Bàbá rẹ


Pacoima
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Ògún, 2022

Bàbá mi,

Ẹ má bínú. Gbogbo lẹ́tà yín ni mo kà. N kò gbé fóònù nítorí ẹ ó gbọ́ ọ nínú ohùn mi.

Ní oṣù Òkúdù, àwọn oníṣègùn gbé ọkọ̀ kan wá sí òpópónà wa láti yẹ àwọn agékùúta wò. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀, obìnrin kúkurú kan tí kò mọ àwàdà, ní kí kálukú wọ ìbòmú rẹ̀ kí òun wò ó. Ó da àpò kan tó ní fèrèsé lé Eusebio lórí, ó fọ́n omi kíkorò sínú rẹ̀ bí ìrì. Ó ní kó yí orí sọ́tùn-ún, kó yí i sósì, kó tẹ̀, kó sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, Eusebio bi í pé, “Ẹ̀yin màmá, ṣé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni?” Nọ́ọ̀sì ní òun ti parí.

Ó kàn mí. Kí n tó ka ení dé ẹ̀ta, ẹnu mi ti korò bí ewúro. Mo ń tutọ́ sínú ìbòmú, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì ní, “Kò sí ohun tó ṣe ìbòmú rẹ. Irun ojú rẹ ni kò jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Lọ fá a kí o padà wá. Má sì tan ara rẹ jẹ, omi àti ẹ̀rọ tó ń fa eruku ló ṣáájú, ìbòmú ló kẹ́yìn.”

Mo fá a lọ́jọ́ náà. Marisela bi mí bóyá àbúrò Nabor ni mí.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ya àwòrán àyà wa. Dókítà fi ìka hàn mí: àmì funfun kéékèèké lókè ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì, bí ìgbà tí wọ́n wọ́n iyọ̀ sórí aṣọ dúdú. Ó ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Ó ní kì í lọ mọ́. Bí mo bá kúrò nínú eruku, ó lè má yára. Ti Eusebio mọ́. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti fi gé òkúta, èmi mẹ́rin.

Mo padà síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, Bàbá. N kò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Mo bẹ Eusebio. Ó ní kò sí ìjà, ó gbé ọmú rọ́bà yẹn fún mi, ó ní kí n tọ́jú rẹ̀ de ọmọ mi.

Nabor


Real del Monte
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Ògún, 2022

Nabor, ọmọ mi,

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Domitila ka lẹ́tà rẹ sí mi, nítorí omi ń bo awò ojú mi. Òtútù ni.

Mo wá èébú tí màá fi bẹ̀rẹ̀, n kò rí. Kọ ọ́ sílẹ̀ pé èyí ṣẹlẹ̀ lónìí.

Má gé òkúta gbígbẹ mọ́, ì báà ṣe ẹyọ kan. Gbọ́ ohun tí o máa ṣe kó tó di pé o fi ibẹ̀ sílẹ̀. Mú lẹ́tà tí mo kọ nípa ata. Kà á fún àwọn ọkùnrin yẹn nígbà oúnjẹ ọ̀sán. Má fo ibì kankan. Má sọ pé “ọkùnrin kan wà nílùú wa.” Sọ pé bàbá mi ni.

Crescencio


Pacoima
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Ọ̀wẹwẹ̀, 2022

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo kí èémí yín, mo kí ọkàn yín.

Mo kà á. Àwa méje la wà níbẹ̀, a jókòó lórí korobá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi ata, wọ́n rẹ́rìn-ín, Wenceslao rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ, oúnjẹ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, “Bàbá rẹ yìí, ìkà èèyàn ni o!” Mo ń kà á lọ. Nígbà tí mo dé ibi ìbọ̀sẹ̀, kò sẹ́ni tó ń jẹun mọ́. Wenceslao ní, “Padà sẹ́yìn díẹ̀. Mélòó lo ní wọ́n jẹ́?” Mo ní méjìdínlógún. Ó wo gbogbo wa yíká, mo rí i pé ó ń kà wá.

Eusebio dìde, ó lọ yọ wáyà ayùn ńlá kúrò lára iná. Ọ̀gá jáde sí wa. “Ta ló yọ iná?” Wenceslao ní òun ni. Mo ní èmi ni. Gbogbo wa ní àwa ni, pé omi la fẹ́. Ọ̀gá ní, “Ṣé kí n wá fa omi ìwẹ̀ fún yín ni?” Wenceslao ní, “Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Kí òkúta kọ́kọ́ wẹ̀ ná.”

Ọjọ́ mẹ́ta la fi jókòó síta. Lọ́jọ́ kẹrin ó fa rọ́bà omi sí ayùn méjèèjì. Ẹ̀rọ tó ń fa eruku kò tíì dé. Eusebio ń bèèrè rẹ̀ lójoojúmọ́ bí ẹni ń kí ìkíni àárọ̀. Gbogbo wọn ti fá irùngbọ̀n. Wenceslao fá tirẹ̀, a sì wá rí i pé ọkùnrin náà kò ní àgbọ̀n rárá.

Ọ̀gá ní kí gbogbo wọn padà sẹ́nu iṣẹ́, àfi akàwé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lé mi. Dókítà ní ó ṣe mí lóore láìmọ̀. Mo ti rí iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń gbin igi òdòdó tà. Èmi ni mo ń bomi rin wọ́n.

Àwọn ọkùnrin yẹn ní kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Wọ́n ní, “Ṣé bàbá rẹ ti lọ bá Plácido?”

Nabor


Real del Monte
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Ọ̀wàrà, 2022

Nabor, ọmọ mi,

Sọ fún àwọn ọkùnrin yẹn pé àfojúdi ni wọ́n ń ṣe. Ó gbà mí ní oṣù kan kí n tó lè dá wọn lóhùn. Mo lọ.

Ilé Plácido kò ju ilé mẹ́sàn-án sí tiwa, ṣùgbọ́n òkè ni gbogbo rẹ̀. Domitila gbé àgbá ọ́síjìn tí dókítà ní kí n máa fi mí, mo ń di ògiri mú. Ajá kan ń tẹ̀ lé wa, tí mo bá dúró, á dúró. Nígbà tó yá ó sú u, ó bá tirẹ̀ lọ.

Plácido wà nídìí ààrò. Ó rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Crescencio! Ta ló kú?”

Mo ní, “Kò tíì sẹ́ni. Èmi ni mo fi ata sínú ìbòmú rẹ lọ́dún 1987.”

Ó gbé àwo ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. “Ìwọ?”

“Èmi.”

“Kì í ṣe Abundio?”

O kò mọ Abundio, ó kú nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Ìpín kan náà la jọ wà. Ìyàwó rẹ̀ ló ń ta ata gbígbẹ nígbà yẹn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti rà á. N kò rò ó kọjá bẹ́ẹ̀ rí, Nabor. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, n kò rò ó kọjá bẹ́ẹ̀.

Plácido jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun. Ó ní, “Títí ọkùnrin yẹn fi kú, n kò kí i. Ó wá síbi ìgbéyàwó ọmọ mi, mo lé e lẹ́nu ọ̀nà lójú gbogbo èèyàn. Ó ń bi mí pé kí lòun ṣe, mo ní kó lọ bi ata ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí àyà dùn ún títí tó fẹ́ kú, ó ránṣẹ́ pè mí. N kò lọ.”

Mo ní, “Plácido, dárí jì mí.”

Ó ní, “Kì í ṣe èmi lo máa kọ́kọ́ bẹ̀. Kì í sì í ṣe ìwọ nìkan lo máa bẹ̀bẹ̀.” Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ, ó ti ẹnu ààrò. “Ó yá, ká lọ bá Abundio ní itẹ́ òkú.”

Mo ní, “Orí òkè pátápátá ni itẹ́ òkú wà. N kò lè dé ibẹ̀.”

Ó ní, “Mo mọ̀. A ó máa dúró sinmi lọ́nà.”

Ó gba àgbá ọ́síjìn lọ́wọ́ Domitila, ó gbé e kọ́ èjìká, ó sì ṣíwájú. Rọ́bà tó so àgbá náà mọ́ imú mi kò gùn ju apá méjì lọ. Mo tẹ̀ lé e.

Bàbá rẹ,
Crescencio